Àga Awakọ̀ Tí Wọ́n Tì Sẹ́yìn

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn, kì í sì í ṣe ẹnu lásán: kò sí àga nínú yàrá mi, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo gbé ìwé lé, orúnkún mi sì wà nílẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ṣọ́ọ̀bù. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti gbọ́ oògùn? Ṣé Rẹ́wáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ṣì máa ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín, táá máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án? Ẹ bá mi kí i.

Ẹ ní lẹ́tà ni kí n máa kọ, pé lórí fóònù mo máa ń pa yín lẹ́rìn-ín títí ẹ ó fi gbàgbé ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Ó dáa. Ẹ wá ibi jókòó sí. Mo ti ra ọkọ̀.

Ẹ má tíì bínú, ẹ kà á dópin. Ẹ mọ̀ pé ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ máa ń ṣílẹ̀kùn kí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó jáde. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín, lábẹ́ afárá kan tí àwọn ọkùnrin máa ń dúró sí láìṣe nǹkan kan. Mi ò sọ èyí fún yín tẹ́lẹ̀ torí kí ẹ lè rí oorun sùn. Ní báyìí tí mo ti ní ọkọ̀, mo lè sọ ọ́.

Ọkọ̀ náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún nígbà èwe rẹ̀, oòrùn sì ti kó èyí tó pọ̀ lọ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ṣí láti inú. Hóònù rẹ̀ máa ń ké nígbà tó bá wù ú, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ó dìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Tí mo bá tẹ búréèkì, á kọ́kọ́ rò ó wò ná. Ìyá Àgbà ni mo sọ ọ́, torí kò síbi tí kì í dùn ún, síbẹ̀ ó ń jí láràárọ̀.

Bàbá kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́yìn ibi iṣẹ́ wa ló tà á fún mi. Àwọn náà ló ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ilé ìfọṣọ ṣe. Èdè wa ni wọ́n ń sọ. Bàbá Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, torí ìdáhùn wọn sí gbogbo ìbéèrè nìyẹn. Ẹ kú iṣẹ́ o? Díẹ̀díẹ̀. Ṣé ọkọ̀ yìí á gbé mi débi iṣẹ́? Díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi kò tó nǹkan rárá. Tí mo bá sì ní ìsinmi, wọ́n máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, èmi á di tọ́ọ̀ṣì mú, wọ́n á máa sọ orúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan fún mi. Wọn kì í gba owó iṣẹ́. Wọ́n ní ọkọ̀ tí àwọn bá tà kò gbọdọ̀ dójú ti àwọn.

Àga iwájú méjèèjì ló ya. Ti awakọ̀ ló burú jù, fóòmù rẹ̀ ti kú pátápátá. Tí èèyàn bá dìde lórí rẹ̀, ojú ibi tó jókòó sí á wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ yín tó tẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú òwú àga. Ọmọ ẹni tó ń rán àga ọkọ̀ kò yẹ kó máa jókòó lórí àkísà.

Ọmọ yín,
Ọlọ́wọ́ Òsì


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ọlọ́wọ́ Òsì mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Mo rí ìwé rẹ gbà. Mo kà á, mo gbé e fún Rẹ́wáyà kà, mo sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kejì fún ìgbádùn ara rẹ̀. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní hóònù tó ń ké fúnra rẹ̀, wáyà ló ń fara kan irin nínú sítíárì. Mo ní kó dákẹ́, hóònù kọ́ ni mo ń rò.

Inú mi dùn pé o ò rìn lábẹ́ afárá mọ́. Inú mi ò dùn pé o fi í pamọ́ fún mi. Kí ló tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbà tó bá kọjá tán lo máa tó sọ?

Wàyí o, bàbá tó ta ọkọ̀. Ọmọ mi, gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó láàárín àwọn mẹkáníìkì, mi ò tíì rí ẹni tó ta ọkọ̀ lówó pọ́ọ́kú, tó tún ń wọ abẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí mo mọ̀ ni pé tí wọ́n bá ti tà á tán, wọn kì í fẹ́ kí ojú àwọn àti ojú ẹni tó rà á ṣe mẹ́rin mọ́. Kí ló ń wá? Ṣé ọkọ̀ olè ni? Ṣé ọkọ̀ tó ti pa èèyàn ni? Àbí ìwọ gan-an ló ń wò?

Kí o tó gbé e lọ síbi kankan, fi ẹ̀yìn ìka kan ara rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó bá dún bí irin, irin ni. Ibi tó bá dákẹ́, wọ́n ti fi nǹkan dí i, á jẹ́ pé ó ti forí sọ níbì kan. Ká kápẹ́ẹ̀tì sókè kí o gbóòórùn rẹ̀, torí ọkọ̀ tí omi ti wọ̀ rí kì í lè fi í pamọ́. Lẹ́yìn náà, bi í léèrè kọ́kọ́rọ́ kejì. Ẹni tó ta ọkọ̀ tó sì di kọ́kọ́rọ́ kejì mú, kò tíì tà á. Bi í pé ọmọ ìlú ibo ni. Bi í pé ìyàwó rẹ̀ ńkọ́. Máa wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń dáhùn.

Mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú ránṣẹ́. Má fa òwú náà jù, awọ àtijọ́ kì í fẹ́ kí wọ́n fi agbára mú òun. Mo mọ̀ pé ọwọ́ òsì lo máa fi rán an, ojú abẹ́rẹ́ rẹ á sì dà sí òsì bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Kò burú. Jẹ́ kó ṣáà tò.

Ya fọ́tò ọkọ̀ náà, ti ìta àti ti inú, kí o tẹ̀ wọ́n síwèé kí n lè gbé wọn sọ́wọ́ wò. Má fi ọwọ́ bo ibi tó bàjẹ́. Ìfura loògùn àgbà.

Ìyá rẹ ni


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Màmá mi, ọ̀gá ọlọ́pàá,

Ẹ kú àfojúsọ́nà. Abẹ́rẹ́ dé, òwú dé, ìbéèrè náà dé. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Mo kan ara ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn kan dákẹ́, àwọn tó kù dún. Bàbá Díẹ̀díẹ̀ dúró tí mí, wọ́n ń wò mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ní láti fi ọwọ́ ti ọkọ̀. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?" Mo ní màmá mi ni. Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ fọ ọwọ́, wọ́n sì pẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Ó jọ pé ẹ bà wọ́n lẹ́rù láti ibẹ̀ yẹn.

Kápẹ́ẹ̀tì ń rùn, àmọ́ òórùn epo ni, kì í ṣe ti omi. Kọ́kọ́rọ́ kejì, wọ́n ní ó ti sọnù. Ìlú wọn, wọ́n ní ó jìnnà. Ìyàwó wọn, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀. Mo ní, ẹ̀yin bàbá yìí, ta ló ń ní ìyàwó díẹ̀díẹ̀? Wọ́n tún wọ abẹ́ ọkọ̀ padà. Ojú wọn tí ẹ ní kí n máa wò, ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mo rí. Ẹsẹ̀ náà gùn o.

Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti tó bàbá mi. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ sí mi, wọn kì í fọwọ́ kàn mí. Ṣé kò lè jẹ́ pé èèyàn dáadáa ni wọ́n kàn jẹ́?

Àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni mo kọ́kọ́ rán. Mo pààrọ̀ fóòmù rẹ̀, mo rán gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àwọn igun. Èmi ni mo rán an o, kò sẹ́ni tó bá mi fọwọ́ kàn án. Ẹ wo fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì yìn mí. Fọ́tò mẹ́ta ni mo fi sínú ìwé yìí: ti ìta, ti àga iwájú méjèèjì, àti ti ojú ìrán àga tí mo rán, tí mo yà láti itòsí kí ẹ má baà sọ pé mo fi ọwọ́ bo nǹkan. Mo fẹ́ kí Bàbá Díẹ̀díẹ̀ wà nínú ti ìta, wọ́n yẹra.

Ọmọ yín tó ti di oníṣẹ́ ọwọ́,
Ọlọ́wọ́ Òsì


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé mi ti dé ọ̀dọ̀ yín, torí Rẹ́wáyà sọ fún mi pé òun rí i lọ́wọ́ yín. Mo pè yín, fóònù dún títí, ẹ ò gbé e. Mo tún pè, Rẹ́wáyà ló gbé e, ó ní ẹ lọ sí ìsọ̀ àwọn onífóòmù. Màmá, mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ yín lẹ́yìn rẹ̀. Rẹ́wáyà ò mọ irọ́ pa.

Kí ni mo ṣe? Tí àga náà kò bá dára, ẹ sọ fún mi.

Mo fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn torí nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi. Ẹ mọ̀ pé mo kúrú bíi tiyín. Mo máa ń fa àga awakọ̀ síwájú débi pé àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sítíárì. Tí mo bá jáde níbi iṣẹ́ báyìí, mo máa ń bá àga náà ní ẹ̀yìn pátápátá. Wọ́n á ti nu gíláàsì iwájú. Búréèkì tó máa ń rò ó wò, kò rò ó wò mọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé òun tún un ṣe. Epo kì í dín. Kò sóhun tó ń sọnù. Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí olè tí kò gbé nǹkan kan, kí ló wá ṣe?

Mo fi òwú yín tó kù so ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́ dígí ẹ̀gbẹ́ láàárọ̀ kan. Nígbà tí mo jáde, òwú náà ti já. Kọ́kọ́rọ́ kejì kò sọnù, Màmá. Ẹnì kan ń wọ inú ọkọ̀ mi nígbà tí mi ò sí níbẹ̀, mo sì mọ ẹni tó ní ẹsẹ̀ gígùn. Mi ò tíì bi wọ́n. Ẹ̀rín ni mo fi ń kí wọn.

Ẹ ti fura kí èmi tó fura. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo rí ìwé méjèèjì gbà. Mi ò kí ọ, torí mi ò mọ ẹni tí mò ń kí.

Mo gbé fọ́tò rẹ sórí tábìlì tí mo ti ń gé awọ, mo sì wò ó títí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn fi bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àga yẹn kì í ṣe iṣẹ́ rẹ. Láti ìgbà tí o ti lè di abẹ́rẹ́ mú, òsì ni ojú abẹ́rẹ́ rẹ ń dà sí. Ọ̀tún ni ti inú fọ́tò yìí dà sí. Mo kọ́kọ́ ní ó dáa, ọmọ ń parọ́ kí wọ́n lè yìn ín, kì í ṣe tuntun. Ìgbà tí mo wò ó dé ìparí ni mo gbé abẹ tí mo fi ń gé awọ sílẹ̀. Wọ́n dá òwú padà lé ara rẹ̀, wọ́n so kókó, ègé aṣọ pupa sì yọjú lábẹ́ kókó náà.

Kí wọ́n tó bí ọ, awakọ̀ akẹ́rù kan gbé àga tó ya wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rán an. Ó padà wá, ó ní ó tún ti ya. Ìgbà kẹta ni mo rí i pé abẹ ló fi ń ya á. Mo ní tí kò bá níṣẹ́ ṣe, kó jókòó kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán an. Ó jókòó, kò sì dìde mọ́. Mo kọ́ ọ níṣẹ́, mo sì fẹ́ ẹ. Ìparí ojú ìrán nìkan ni kò gbà lọ́wọ́ mi. Tí èmi bá rán an dé òpin, mo máa ń so kókó, mo gé e. Òun á ki ègé aṣọ pupa bọ abẹ́ kókó, ó ní kí òwú má baà gé awọ. Mo ní ò ń fi aṣọ ṣòfò. A jà lórí aṣọ pupa yẹn ju bí a ṣe jà lórí ohunkóhun lọ. Mi ò rí ẹlòmíì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

O wà ní kékeré nígbà tó lọ sí ìlú òkèèrè. Ó ní òun máa ríṣẹ́, òun máa ránṣẹ́ pè wá. Ó kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀, ó sì dákẹ́. Ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, mo sọ fún ọ pé ọ̀nà ló gbé e mì.

O ti rí bàbá rẹ, o sì ń bá a tún ọkọ̀ ṣe lẹ́yìn mi. Ẹ jọ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ń fi lẹ́tà mi ṣeré. O tún wá ń sọ ìtàn òwú ara ilẹ̀kùn fún mi, kí n lè rò pé o ò mọ̀ ọ́n. Nínú fọ́tò tí ìwọ fúnra rẹ yà, ẹ̀yìn pátápátá ni àga awakọ̀ wà. Ṣé o rò pé mi ò ní rí i? Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ó ti bá a. Má pè mí.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Inú ọkọ̀ ni mo ti ka ìwé yín. Mo kà á tán, mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń tan ẹ́ńjìnì.

Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa fún yín. Èmi kọ́ ni mo rán àga. Mo gbìyànjú rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ ń rìn bí ọ̀mùtí, mo gún ara mi níka, ẹ̀jẹ̀ kan awọ. Bàbá Díẹ̀díẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi láìsọ̀rọ̀, wọ́n sì parí rẹ̀. Mo sọ pé èmi ni torí mo fẹ́ kí ẹ yìn mí. Ohun tó kù tí ẹ kọ, Màmá, kò sí níbẹ̀. Ó dùn mí pé ẹ lè rò ó sí mi. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Mo ti jókòó tì wọ́n, mo ti mu omi nínú ife wọn, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, mo sá wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, mo fi ọ̀kan lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tí a máa ń fọ̀ bo ara mi mọ́lẹ̀. Ìgbà tí mo ti ilẹ̀kùn tán ni mo rántí pé kì í ṣí láti inú. Mo ní ó ti parí, tó bá jẹ́ apànìyàn ni, mo ti bá a di ara mi lẹ́rù. Kò pẹ́, kọ́kọ́rọ́ yí. Wọ́n wọlé, wọ́n ti àga sẹ́yìn, ó gbá mi lórúnkún. Wọ́n tẹ búréèkì, wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, bíi dókítà tó ń fọwọ́ kan ikùn aláìsàn. Wọ́n mú aṣọ jáde nínú àpò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì. Aṣọ pupa ni.

Mo ní láti ẹ̀yìn, "Ẹ̀yin ni bàbá mi?"

Wọn ò yíjú padà. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Mo ní, "Àga ni."

"Ṣé ìyá rẹ rí i?"

"Wọ́n rí i."

Wọ́n gbé orí lé sítíárì, hóònù sì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé ìfọṣọ jáde wá wò wá, àgbàlagbà kan tó ń sunkún níwájú, èmi tí mo bora bí òkú lẹ́yìn, hóònù ò sì dákẹ́. Ọ̀gá wa ló bá wa yọ wáyà bátìrì.

Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn kọ́kọ́ rí mi tí mò ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, orúkọ ara aṣọ iṣẹ́ mi kọ́ làwọn fi mọ̀ mí, ọwọ́ òsì ni, àti ojú yín lójú mi. Wọn ò lè sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò ní nǹkan míì tí àwọn lè fún mi ju ọkọ̀ yìí lọ, nígbà tí àwọn sì tà á tán, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn pé búréèkì rẹ̀ á pa ọmọ àwọn. Ìdí tí wọ́n fi ń wá tẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ nìyẹn. Wọ́n ti kó kọ́kọ́rọ́ kejì lé mi lọ́wọ́.

Ìdí tí wọn ò fi padà wálé, wọ́n sọ fún mi. Ṣé kí n kọ ọ́ sí yín? Mi ò mọ ẹni tí mo máa gbà gbọ́ mọ́. Ẹ̀yin ní ọ̀nà ló gbé wọn mì. Àwọn ní díẹ̀díẹ̀. Àárín ọ̀rọ̀ yín méjèèjì ni mo ti dàgbà.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀,
Ọlọ́wọ́ Òsì


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà

Ọlọ́wọ́ Òsì mi,

Mo kí ọ. Mo gbà pé o ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ, mo gbé e kúrò lórí rẹ. Ìwọ náà, má fi iṣẹ́ ẹlòmíì gba ìyìn lọ́wọ́ mi mọ́. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ tó ń rìn bí ọ̀mùtí, òun ni kí o fi ránṣẹ́.

Má kọ ìdí tí kò fi padà wá. Mi ò fẹ́ ẹ. Ẹni tó ti ń ronú àwáwí láti ìgbà yẹn títí di ìsinsìnyí, á ti dùn létí ju ohun tí mo lè dá lóhùn lọ. Tó bá fẹ́ sọ ọ́, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ ọ́.

Mi ò sì tíì gbà tán. Iṣẹ́ tí èèyàn mọ̀, ó lè kọ́ ẹlòmíì. Ta ló mọ̀ bóyá ẹnì kan jókòó tì í níbì kan, tó kọ́ aṣọ pupa lọ́wọ́ rẹ̀, tó gbọ́ nípa wa lẹ́nu rẹ̀, tó wá ń sunkún lórí sítíárì ọmọ ọlọ́mọ? Èèyàn lè fi ẹnu parọ́, ó lè fi omijé parọ́. Rẹ́wáyà ní mo ti le jù. Mo ní kó lọ tún iná rẹ̀ ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. O ní fóòmù àga awakọ̀ ti kú, pé ojú ibi tí èèyàn bá jókòó sí kì í kún padà bọ̀rọ̀. Má tíì pààrọ̀ rẹ̀. Fi ọwọ́ gbá a kó tẹ́, kí o ní kó jókòó síbẹ̀, kó sì pẹ́ díẹ̀. Tó bá dìde, ya fọ́tò àga náà láti òkè kí ìwọ tó jókòó sí i. Gbogbo ìgbà tó ń wa akẹ́rù, èmi ni mò ń ki fóòmù sí àga rẹ̀. Mo mọ ojú ibi tó bá jókòó sí bí mo ṣe mọ ojú rẹ.

Òun fúnra rẹ̀, má yà á. Mi ò fẹ́ rí i.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Fọ́tò náà wà nínú ìwé yìí.

Nígbà tí mo sọ ohun tí ẹ wí fún wọn, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n lọ wẹ̀. Wọ́n wọ ṣòkòtò tó mọ́, wọ́n gbọn ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó, bí ẹni tó wọ ilé ayàwòrán. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì. Wọ́n ní, "Ṣé kí n rẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Bàbá, wọn ò ní rí ojú yín."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀." Wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n jókòó títí mo fi jẹun ọ̀sán mi tán níta. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ dìde, wọ́n di òkè ilẹ̀kùn mú, wọ́n yọ ara wọn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má baà ba àmì náà jẹ́. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń yà á. Wọ́n ní kí n ṣọ́ra kí òjìji mi má bò ó. Mo rò pé ẹ̀rù ohun tí ẹ máa rí ló ń bà wọ́n.

Àtìgbà yẹn, mi ò tíì jókòó lórí àga náà, torí ẹ lè ní kí n tún un yà. Mo ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, àmọ́ wọ́n ń sìn mí kọjá abẹ́ afárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dáhùn. Ìyá Àgbà ò fẹ́ràn kó máa dúró sójú kan.

Mo fi ègé awọ tí mo rán fúnra mi kún un. Òsì ló dà sí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ

Ọlọ́wọ́ Òsì mi,

Ìrán rẹ kò tò. Ó ń bọ̀ wá dáa. Inú mi dùn sí i ju èyí tí kò lábùkù lọ.

Mo wo fọ́tò àga náà. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí Rẹ́wáyà tó dé, mo sì wò ó. Àwọn ni. Ibi tí wọ́n máa ń fara tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, ibi tí itan wọn máa ń tẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rù. Nígbà tí wọ́n ń wa akẹ́rù, ajá lè sùn sí ojú ibi tí wọ́n bá jókòó sí. Èyí tí o fi ránṣẹ́ yìí, ọmọdé ló jọ. Apá ọ̀tún nìkan ló sì jìn. Ìbàdí òsì ń dùn wọ́n, wọn ò sọ fún ọ, wọn kì í sọ ọ́. Má jẹ́ kí wọ́n máa dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù lábẹ́ ọkọ̀ mọ́. Ìwọ ni kí o máa wọ abẹ́ rẹ̀, kí àwọn di tọ́ọ̀ṣì mú.

Mo ṣì ń bínú. Má sọ fún wọn pé mi ò bínú. Ohun tí mo fẹ́ bi wọ́n pọ̀, ojúkojú ni mo sì máa bi wọ́n.

Jókòó lórí àga rẹ kí o máa wa ọkọ̀ rẹ lọ síbi iṣẹ́, mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí. Nǹkan kan wà pẹ̀lú ìwé yìí, tìmùtìmù kan tí mo gé bí àmì inú fọ́tò ṣe rí. Fóòmù líle ló wà lápá ọ̀tún, rírọ̀ ló wà lápá òsì, kí wọ́n lè gbé ara lé méjèèjì láìjẹ̀rora. Gbé e lé orí àga nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ jókòó síbẹ̀. Má sọ ibi tó ti wá. Wọ́n máa yí i padà wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo mọ̀ wọ́n. Mo fi ègé aṣọ pupa sábẹ́ kókó òwú níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wúlò fún nǹkan kan.

Kọ́kọ́rọ́ kejì ńkọ́? Má tíì dá a padà fún wọn. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó sọnù.

Ìyá rẹ